Láti Ìdí Àràbà dé Ẹnu Ọ̀nà Ọgbà Ọba: Freetown àti Orúkọ Tí À Ń Jẹ́

Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, òjò oníjì kan rọ̀ sórí Freetown, olú ìlú orílẹ̀-èdè Sàró, igi àràbà ńlá tó dúró sí oríta àárín ìlú náà sì wó. Àwa tí a ti ń fi àràbà ṣe yẹ̀yẹ́ ìrókò láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí a ní kò ní wó láéláé, kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìròyìn bẹ́ẹ̀ fún wa. Kùkùté ló kù níbẹ̀. Síbẹ̀ náà, ibẹ̀ ni àlejò tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn wo àwọn ibi àtijọ́ ìlú náà ṣì ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìdí igi yìí ni àwọn ọ̀nà tó ṣe kókó ti pàdé. Ìrìn náà kò le. Láti ìdí àràbà, ilẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí òkun. Ilé ìjọsìn St John tí àwọn Maroon kọ́ kò jìnnà, Kàtídírà St George wà ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, ẹnu ọ̀nà Ọgbà Ọba, tí wọ́n ń pè ní King's Yard, kò jìnnà sí i, àtẹ̀gùn òkúta èbúté àtijọ́ sì wà létí omi. Àgbàlagbà tó ń fi ọ̀pá rìn lè rìn ín tán kí oòrùn tó mú. Ìtàn òmìnira ni wọ́n máa ń sọ fún àlejò lójú ọ̀nà yìí, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi gbà pé ó yẹ kí ọmọ Yorùbá fi ojú mìíràn wò ó. Bí a bá ń wá ibi tí Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó, Yàgbà àti Ọ̀yọ́ ti kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo papọ̀, tí èdè wọn sì ti di ohun tí a ń kọ sínú ìwé tí a sì ń fi wàásù, Ilé-Ifẹ̀ kọ́ la ó lọ, Ọ̀yọ́ kọ́, Èkó kọ́. Ọ̀nà tí kò gba wákàtí kan yìí ni.

Kí n tó sọ ohun tó kàn wá, ó tọ́ kí n fi ilẹ̀ fún onílẹ̀. Àwọn Temne ló ni etíkun yìí. Ní 1787 ni àwọn òyìnbó tó ń gbógun ti òwò ẹrú kó àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìṣẹ́ ń pa ní Lọ́ńdọ̀nù wá síbẹ̀, àìsàn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọba Temne kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní King Jimmy sì sun ibùdó wọn ní 1789. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ọjà àti èbúté ìsàlẹ̀ ìlú títí di òní; ẹni tó jó ìlú ni ìlú ń fi sọrí ọjà rẹ̀, mo sì rò pé ìyẹn náà ní bí ó ṣe yẹni. Ní 1792 ni èrò bí 1,200 dé láti Nova Scotia ní Kánádà, àwọn tó ti jẹ́ ẹrú ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n jà fún Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìlérí òmìnira. Ìtàn ìlú sọ pé abẹ́ àràbà yẹn ni wọ́n ti kóra jọ dúpẹ́. Àwọn ni wọ́n la ojú ọ̀nà tí àlejò ń tọ̀ lónìí, tó gún régé bí ìlà inú ìwé. Ní 1800 ni àwọn Maroon dé, ọmọ Jàmáíkà tó ti bá Gẹ̀ẹ́sì jà nínú igbó títí tí wọ́n fi lé wọn kúrò nílé. Ilé ìjọsìn funfun kékeré tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1820 ṣì dúró ní òpópónà Siaka Stevens. Gbogbo ìwọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀ kí àwọn ènìyàn wa tó pọ̀ nínú ìlú náà. Ẹni tó bá ní Yorùbá ló dá Freetown sílẹ̀ purọ́. Ohun tí mò ń sọ yàtọ̀ sí ìyẹn: ìlú náà ló dá nǹkan kan sílẹ̀ lára wa.

Kàtídírà St George kò gba àkókò púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ ohun tó ń wá. Ìgbà gómìnà Charles MacCarthy ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ní 1817, wọ́n sì ṣí i ní 1828. Ilé tó lágbára ni. Ọdún ìpìlẹ̀ rẹ̀ gan-an ló yẹ kó dá wa dúró, nítorí pé 1817 náà ni ọ̀pọ̀ òpìtàn fi sí ìgbà tí Àfọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, yapa kúrò lábẹ́ Aláàfin ní Ìlọrin. Bí gómìnà kan ti ń to òkúta lérí òkúta létí òkun Sàró ni ìjọba kan ń tú ká nílẹ̀ wa, ọ̀kan kò sì mọ̀ pé òun ń ṣètò ilé fún ọmọ ìkejì. Láàárín ọdún díẹ̀ sí i, ogun Òwu bẹ́ sílẹ̀, àwọn ìlú Ẹ̀gbá inú igbó fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, Ọ̀yọ́-Ilé di ahoro, etíkun sì kún fún ẹrú tí ọ̀nà Èkó, Badagry àti Àjàṣẹ́ ń gbé jáde. Ìwé òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ka òwò ẹrú léèwọ̀ fún àwọn ọmọ tirẹ̀ láti 1807; Sàró ti di ilẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ kìíní ọdún 1808; ọkọ̀ ogun wọn sì ń dọdẹ ọkọ̀ ẹrú àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lójú òkun. Èyí tí wọ́n bá mú, Freetown ni wọ́n ń fà á lọ.

Létí omi ni ọ̀rọ̀ ti ń nípọn. Àtẹ̀gùn òkúta èbúté àtijọ́ wà níbẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní ti àwọn Potogí. Potogí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìgbà MacCarthy ni wọ́n kọ́ ọ, ní 1818. Ibi tí ó kọjú sí ni ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n gbá mú ti ń sọ ìdákọ̀ró. Kí àwọn inú rẹ̀ tó di òmìnira, ilé ẹjọ́ ní láti kọ́kọ́ dá ọkọ̀ náà lẹ́bi, láti 1819 sì ni àwọn adájọ́ tó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti orílẹ̀-èdè mìíràn ti ń jókòó pọ̀ gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹjọ́ bá falẹ̀, inú ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kú sí, níwájú ìlú tí wọ́n ń fojú rí. Bí a bá dá a lẹ́bi, ìjọba a san owó orí fún àwọn atukọ̀ ogun lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbà là, wọ́n a sì kó àwọn tó yè gba ẹnu ọ̀nà Ọgbà Ọba wọlé. Ẹnu ọ̀nà yẹn ṣì wà lẹ́bàá ilé ìwòsàn Connaught. Òkúta tó wà lórí rẹ̀ sọ pé ilé ìwòsàn àti ibi ààbò ni fún àwọn ọmọ Áfíríkà tí akin àti àánú ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gbà lóko ẹrú, ó sì fi ọdún 1817 sí i. Kò sí orúkọ ẹyọ ènìyàn kan tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lára òkúta náà. Orúkọ wọn wà níbòmíràn, nínú ìwé ńlá tí akọ̀wé jókòó tì: nọ́ńbà, orúkọ, ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ orí tí wọ́n fojú wọ̀n, gíga, àmì ara. Bí akọ̀wé bá ti gbọ́ orúkọ sí ló ń kọ ọ́, lọ́nà tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ̀wé, nítorí náà Òjó àti Àìná di nǹkan tí ìyá tó sọ wọ́n bẹ́ẹ̀ kò ní dá mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100,000 ènìyàn tí wọ́n kó dé Sàró báyìí kí gbogbo rẹ̀ tó parí láàárín àwọn ọdún 1860, láti ibi gbogbo ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà àti kọjá ibẹ̀. Nígbà tí ogun ilẹ̀ wa le jù, tiwa ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká ronú sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà yẹn, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo àlàyé mi dúró lé. Nílé, Ẹ̀gbá kì í ṣe Ìjẹ̀bú. Ọmọ ogun Ìjẹ̀bú wà nínú àwọn tó pa Òwu run. Ọ̀yọ́ ń sá fún Ìlọrin, òun náà sì ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Ẹ̀gbá. Ẹni tó mú ọ lẹ́rú lè jẹ́ ẹni tó ń sọ èdè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tìrẹ. Kò sí ìdí tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ yóò fi gbà pé ọmọ ìyá ni àwọn. Nínú Ọgbà Ọba, ọ̀tọ̀ ni ìṣirò. Igbo wà lápá kan, Hausa wà lápá kejì, Kongo, Mende, Temne yí wọn ká, òyìnbó ń pariwo ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Ẹni tó bá kí ọ ní «ẹ kú», bí ó ti wù kó fà á gùn tàbí kó gé e kúrú tó, ará ilé rẹ ni. Àwọn tó kù náà ń gbọ́ kíkí yẹn lọ́wọ́ wọn, òwúrọ̀, ọ̀sán, alẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àtijọ́, títí tí wọ́n fi sọ gbogbo wọn ní Àkú. Orúkọ àkọ́kọ́ tí a jẹ́ papọ̀ nìyẹn. Ogun kọ́ ni wọ́n fi gbà á, ìwé ìtàn kọ́ ni wọ́n ti yọ ọ́. Inú ìkíni ló ti jáde, ẹlòmíràn ló sì fi pè wá. Kò pẹ́ tí àwọn Àkú fi yan olórí fún ara wọn ní Freetown, Thomas Will àti lẹ́yìn rẹ̀ John Macaulay, tí gbogbo ìlú ń pè ní ọba Àkú. Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Nílé, kò tíì sí ọba kan tí Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà àti Ọ̀yọ́ jọ ń foríbalẹ̀ fún láìjà. Nínú ìlú àjèjì, láàárín àwọn tó ń ṣe káfíńtà, tó ń tajà, tó sì ń ro oko fún ẹlòmíràn, wọ́n ní irú rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí, tí wọ́n mú ní Òṣoògùn ní 1821, wà nínú ọkọ̀ Potogí kan tó ń jẹ́ Esperança Feliz, tí ọkọ̀ ogun Myrmidon gbá mú ní oṣù Kẹrin ọdún 1822. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún yẹn ni Àjàyí fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Freetown. Wọ́n rán an lọ sí abúlé Bathurst lórí òkè, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó kọ́ ìwé kíkà ní kíá, wọ́n sì rì í bọmi ní 1825 pẹ̀lú orúkọ Samuel Crowther. Ìtàn rẹ̀ tó kù, Kántábérì, ipò bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, odò Ọya, gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n, n kò ní fi ìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn. Èyí tí a kì í sábà rò ni pé kò sí ẹni tó kọ́kọ́ nílò ìwé èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Freetown ló nílò rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òyìnbó oníwàásù ti jókòó láàárín èrò tó ń sọ ọ́ tí òun kò sì gbọ́. Hannah Kilham, obìnrin Quaker kan, ti tẹ ọ̀rọ̀ Àkú sínú ìwé pẹ̀lú ti àwọn èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní Sàró ní 1828. John Raban tẹ ìwé ọ̀rọ̀ «Eyo» tàbí Àkú láàárín 1830 àti 1832. Ìwé Crowther tirẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, orúkọ tó sì wà lára rẹ̀ kì í ṣe Àkú mọ́, Yorùbá ni. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 1844, ó dúró nínú ilé ìjọsìn kan ní Freetown, ó ṣe ìsìn ní èdè náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Èrò pọ̀, àwọn tó sì wà níbẹ̀ fi «kí ó ṣẹ» dáhùn àdúrà rẹ̀. Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, ẹ̀ka èdè Ọ̀yọ́ ló fi bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ. Ìpàdé tó wá to ọ̀nà ìkọ̀wé wa ṣọ̀kan ní Èkó ní 1875 jẹ́ ọmọ ìgbìyànjú ọdún wọ̀nyẹn, kì í ṣe ìyá rẹ̀.

Ẹni tó gbọ́ èyí lè bi mí pé: ṣé Odùduwà ńkọ́? Ṣé kò sí adé tó ti Ifẹ̀ wá ní Ìlá, ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́, kí òyìnbó tó bí? Ó wà. N kò sọ pé Freetown ló bí wa. Orírun wa ti pẹ́, ìtàn adé sì jẹ́ òtítọ́ tó tó láti fi ṣe ìjọba àti láti fi ṣe àríyànjiyàn ààlà. Ṣùgbọ́n ìtàn adé jẹ́ ti àwọn ọba. Ó sọ bí ilé kan ṣe jẹ́ ẹ̀gbọ́n ilé kejì. Kò pọn dandan kó sọ fún alágbẹ̀dẹ Ìjẹ̀ṣà pé orúkọ kan náà ni òun àti ìyá ẹlẹ́pà tó ti Ìjẹ̀bú wá ń jẹ́. Ẹlòmíràn yóò ní orúkọ Yorùbá fúnra rẹ̀ ti pẹ́. Òótọ́ ni: Ahmad Baba ará Timbuktu kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí 1615, Muhammad Bello ní Sókótó kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, Clapperton, arìnrìn-àjò òyìnbó, sì gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí lẹ́nu àwọn ará òkè ọya àti àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ọ̀nà tí orúkọ ará Ọ̀yọ́ gbà di orúkọ gbogbo wa ló gba àlàyé, ibi kan ṣoṣo tí mo sì ti rí i tí ìgbésẹ̀ yẹn wáyé ní gbangba, pẹ̀lú ọdún àti pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ni ìlú tí à ń rìn yìí.

Àtakò tó le jù kò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Ọmọ Jámánì kan, Sigismund Koelle, tó ń kọ́ni ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay, jókòó ti àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan náà ní èdè wọn, ó sì tẹ ìdáhùn èdè tó lé ní 150 sínú ìwé ńlá Polyglotta Africana ní 1854. Ìwé yẹn kì bá ti ṣeé ṣe níbòmíràn láyé. Kò sí ìlú mìíràn tí ẹni kan lè rìn láti ilé dé ilé kó sì bá ilẹ̀ Áfíríkà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ pàdé. Koelle to Ọ̀tà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Yàgbà, Ìjùmú, Òwòrò, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀ àti Oǹdó sábẹ́ orúkọ Àkú, ó sì fi Yorùbá sí àárín wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára wọn. Ó bá àwọn oníwàásù wí pé wọ́n ṣìṣe tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀yà kan sọ gbogbo orílẹ̀, àti pé bí ènìyàn bá pe àwọn yòókù bẹ́ẹ̀, wọn kò ní gbà. Lójú tèmi, ẹ̀rí Koelle dára, ìdájọ́ rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Ó rí i pé orúkọ náà kò tíì gbilẹ̀, ó sì rò pé ohun tí kò tíì gbilẹ̀ kò ní gbilẹ̀. Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ to gbogbo wọn sábẹ́ orí kan nínú ìwé, nítorí pé etí rẹ̀ sọ fún un pé ọ̀kan ni wọ́n. Ìjà lórí bóyá Àkú ni kí á máa jẹ́ tàbí Yorùbá fi hàn pé a ti di ohun tó nílò orúkọ. Ẹnikẹ́ni kì í jà lórí orúkọ ọmọ tí a kò tíì bí.

Àwọn òpìtàn òde òní gbé ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn: wọ́n ní àwọn Kristẹni tó kàwé, pẹ̀lú CMS, ẹgbẹ́ oníwàásù Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn wọn, ló fi Bíbélì àti ìwé ìròyìn ṣe Yorùbá. J. D. Y. Peel kọ odidi ìwé lé e lórí ní 2000, ìwé tó yẹ kéèyàn kà ni. Ṣùgbọ́n bí a bá kúrò lẹ́nu ọ̀nà Ọgbà Ọba tí a yíjú sí ìlà oòrùn ìlú, a ó dé Fula Town àti àdúgbò Fourah Bay, níbi tí àwọn Àkú Mùsùlùmí tẹ̀dó sí. Àwọn aláṣẹ fúngun mọ́ wọn nígbà náà, wọn kò sì yẹsẹ̀. Wọn kò lọ sí ilé ìwé CMS, wọn kò gba Bíbélì, Àkú ni wọ́n síbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ àti ẹgbẹ́ Ọ̀jẹ̀ tó ń gbé eégún jáde ní Freetown náà kò gba àṣẹ lọ́wọ́ àlùfáà. Ìwàásù lòdì sí wọn kò tán láti ìgbà náà wá, eégún sì ń jáde síbẹ̀. Ní 1839, àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n gbà lóko ẹrú da owó pọ̀, wọ́n ra ọkọ̀ ẹrú tí ilé ẹjọ́ ti gbẹ́sẹ̀ lé, wọ́n sì wà á lọ sí Badagry, ṣáájú kí oníwàásù kankan tó tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Mo máa ń ronú nípa ọkọ̀ yẹn: igi tó gbé wọn lọ ni wọ́n fi owó ara wọn rà láti fi padà bọ̀. Ìwé ló mú kí orúkọ náà pẹ́. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé ìgbé ayé rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó mọ̀wé lọ.

Ó ku ẹ̀sùn kan tí n kò lè fò. Ohun gbogbo tí a ti tọ́ka sí lójú ọ̀nà, òyìnbó ló ni òkúta rẹ̀. Kàtídírà jẹ́ ti gómìnà, àtẹ̀gùn jẹ́ ti gómìnà, ẹnu ọ̀nà Ọgbà Ọba ń yin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Igi tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn sì ti wó. Níbo ni a wà nínú gbogbo rẹ̀? Etí ni ẹni tó ń rin ọ̀nà yìí fi ń rí wa. Bí ẹbí kan nínú àwọn Kírìó, àtọmọdọ́mọ àwọn tó dé wọ̀nyẹn, bá ń gbé ọmọ tuntun síta, wọ́n á ní àwọn ń ṣe komojade. Bí wọ́n bá ń se oúnjẹ ìrántí fún àwọn òkú wọn, ẹ̀wà, àkàrà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, awujoh ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó tuntun ni yawo, aṣọ tí gbogbo ẹbí jọ rà fún ayẹyẹ ni ashobi. Olele ń bẹ lórí àtẹ lọ́jà, ẹni tó bá jẹ ẹ́ kò ní béèrè ibi tó ti wá. Èdè Kírìó ni èdè tí gbogbo Sàró fi ń gbọ́ ara wọn lónìí, Temne àti Mende ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ wa sì ti wọ inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ ọ́ kò mọ̀ pé àwá ló ni ín. Ẹ ṣàkíyèsí irú ọ̀rọ̀ tó là á já: ìbí, ìgbéyàwó, òkú, aṣọ, oúnjẹ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààfin, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun. Àwọn tó gbé wọn dé kò ní adé láti gbé, ohun tí ìyá fi ń tọ́ ọmọ ni wọ́n rí gbé wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ohun tó so wọ́n pọ̀ nínú ọgbà yẹn kì í ṣe ìtàn ìjọba tó ti lọ. Bí a ṣe ń kí ara wa ni, àti bí a ṣe ń kó ọmọ jáde.

Ibi tó kẹ́yìn kò ṣeé rìn dé fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ó jìnnà sí ìlà oòrùn, ní Cline Town, ọkọ̀ ló yẹ kí á wọ̀. Ibẹ̀ ni ògbólógbòó ilé Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay wà. Ní 1827 ni CMS dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Ilé olókùúta pupa tí à ń sọ yìí ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1845, nígbà tí Edward Jones, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀. Láti ibẹ̀ àti láti àwọn abúlé tó yí Freetown ká ni àwọn ọmọ tí wọ́n kó gba Ọgbà Ọba wọlé ti ń padà bọ̀ wálé pẹ̀lú ohun tí wọ́n rí kọ́. Samuel Johnson, tó kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí a kò tíì rí irú rẹ̀, Hastings lẹ́bàá Freetown ni wọ́n ti bí i ní 1846. Ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897, kò sì sí láyé mọ́ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Mohammed Shitta Bey, tó kọ́ mọ́sálásí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Èkó, Waterloo ni wọ́n ti bí i, Fourah Bay ló sì dàgbà sí. Kristẹni kan, Mùsùlùmí kan, abúlé méjì tí kò jìnnà síra wọn. Èkó sọ irú wọn ní Sàró, bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ni ilé wọn.

Ilé Cline Town náà ti ṣe ọ́fíìsì réluwé, ó ti ṣe ilé ẹjọ́, iná sì jó o ní 1999 nígbà ogun abẹ́lé. Kò ní òrùlé mọ́. Ògiri ló dúró, pẹ̀lú ihò fèrèsé tó kọjú sí èbúté tí ọkọ̀ ẹrú ti máa ń gúnlẹ̀.